Ẹ Dá Omi Wa Padà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí bàsíà omi ṣì tóbi ju orí mi lọ, iná mànàmáná tí à ń tàn ní Ṣábẹ̀ẹ́, tiwa ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mo ní tiwa ni. Kì í ṣe iná tó ń gba orí wáyà bọ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. A mọ ilé tó ń gbé. A mọ ìgbà tó ń jí, a mọ ìgbà tó ń sùn, tó bá sì wúkọ́, gbogbo ìlú ló ń gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó yí mi ká yìí, tí ẹ tẹ ojú mọ́ fóònù, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ń dùn mí. Inú ń bí mi, mi ò sì ní purọ́ pé kò bí mi.

Gúrúpù là ń pe ẹ̀rọ ńlá tó ń fún wa níná. Ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpáta, kò jìnnà sí ojú irin, ibẹ̀ náà ló ṣì wà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Ìlú ló rà á. Ilé kọ̀ọ̀kan ló mú tirẹ̀ wá: ẹni tó ní iṣu mú iṣu wá, ẹni tó ní kajú mú kajú wá, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lọ tà. Àwọn tí kò ní nǹkan kan ló fọ́ òkúta tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé náà. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń bọ ohun tí bàbá wọn bọ náà ò gbẹ́yìn. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín lẹ́yìn ikú mi, tó ní ìjọba ló fi gúrúpù yẹn ta ìlú lọ́rẹ, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, ẹ sì sọ fún un pé èmi ni mo ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Baba Ẹlẹ́rọ ni gbogbo wa ń pè é. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, epo kì í kúrò léèékánná rẹ̀, ó sì máa ń bá gúrúpù náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bẹ ìyàwó tó ń bínú. Òun ló ṣàlàyé fún àwọn ìyá wa pé irin tó bá ń ṣiṣẹ́ a máa gbóná, omi ló sì ń tù ú lára. Agbada sìmẹ́ǹtì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Páìpù ń fa omi láti inú agbada wọ inú irin, á tún dá a padà sínú agbada ní gbígbóná, díẹ̀díẹ̀ omi náà á máa gbẹ. Lásìkò òjò, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti dé, kànga tó wà níbẹ̀ á gbẹ pátápátá. Nígbà náà ló di ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin.

Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Tó bá kan yín, ẹ ó gbé bàsíà, ẹ ó lọ sí ìsun tó wà lábẹ́ àpáta, tí omi rẹ̀ tutù tó fi ń dun eyín, ẹ ó pọn ọ́n wá fún gúrúpù kí ẹ tó pọn tilé yín. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Obìnrin tí kò bá jáde lọ́jọ́ àdúgbò rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kàn máa kí i lọ́nà ọjà pé, "Ẹ kú ìsinmi o," ìtìjú yẹn sì tó o.

Ìyá mi ni olórí wọn. Kì í ṣe pé wọ́n fi í joyè, ọ̀rọ̀ gúrúpù yẹn ló ká a lára ju gbogbo wọn lọ. Kí gúrúpù tó dé, ìyá mi lóyún kan tó tẹ̀ lé tèmi. Alẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ bí i, àtùpà kan ṣoṣo ló wà nílé ìgbẹ̀bí, atẹ́gùn sì fẹ́ ẹ pa. Kí agbẹ̀bí tó rí ìṣáná, kó tó rí ibi tí ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin nìyẹn, a ò sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ní níwọ̀n ìgbà tí ọrùn òun bá ṣì lè ru bàsíà, òkùnkùn ò ní gba ọmọ lọ́wọ́ obìnrin kan mọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Tí àárẹ̀ bá mú wa lọ́nà ìsun, á ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹni tó da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀."

Gílóòbù kan ló wà lókè ibùsùn ìrọbí. Baba Ẹlẹ́rọ sì ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Lálaalẹ́, tí àsìkò àtisùn bá tó, á pa gúrúpù. Ṣùgbọ́n tí obìnrin bá ń rọbí, kò ní pa á títí tí wọ́n á fi wá sọ fún un pé ọmọ ti ké. Nítorí náà, tí ìlú bá ti dùbúlẹ̀ tí gúrúpù ò dákẹ́, gbogbo èèyàn ti mọ̀. Àwọn ìyá wa á sọ látorí ẹní pé, "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o." Ilé kejì á ní, "Àmín o." Ẹ ò ní sùn, àfi tí ẹ bá gbọ́ tó dákẹ́.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe.

Ìyá mi, láràárọ̀, á bu omi tútù, á dà á sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù." Tí bàbá mi bá ti oko dé tí ojú rẹ̀ pọ́n, omi tútù ni ìyá mi á kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Ibà mú mi, omi tútù. Tọkọtaya jà ládùúgbò, omi tútù. Ta ló wá lè bá mi wí pé mo gbà gbọ́ pé ohunkóhun tó bá gbóná láyé yìí, omi tútù ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ọjọ́ àdúgbò wa. Gúrúpù ń ṣiṣẹ́ nítorí fìríjì tí wọ́n ń kó oògùn abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ sí. Èmi ni mo kẹ́yìn, torí pé ẹsẹ̀ mi ò gùn. Nígbà tí mo dé, àwọn ìyá ti ń lọ, Baba Ẹlẹ́rọ sì wà lẹ́yìn ilé, ó ń ṣe àlùwàlá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo yọjú. Gúrúpù ń pariwo, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ooru ń ti ara rẹ̀ jáde débi tí mo fi ń rí ògiri tó ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Èmi lásánlàsàn! Dípò kí n da omi sínú agbada, mo wọlé, mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o, kó o tutù," mo sì da bàsíà omi ìsun yẹn lé e lórí tán pátá.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Irin gbígbóná ò tíì gbọ́ òwe yẹn o. Ó dún páà! Èéfín bo gbogbo ibẹ̀, gúrúpù wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo gbé bàsíà mi, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Irin náà ti sán láti òkè délẹ̀. Àwọn kan ní ó ti gbó ni, àwọn kan ní Baba Ẹlẹ́rọ ló sùn. Wọ́n ń fojú burúkú wò ó, torí pé àlejò ni. Òun sì rí omi nílẹ̀, mo mọ̀ pé ó rí i, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Nílé ìgbẹ̀bí, wọ́n tún gbé àtùpà jáde. Obìnrin kan wà nínú agbo ilé wa nígbà náà, ìyàwó ilé ni, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá níwájú mi tí mo rí ikùn yẹn, àbúrò mi tí a ò sọ lórúkọ ni mo ń rántí.

Kò pẹ́ tí kàmíọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, fi dé láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lọ́nà etí òkun, pẹ̀lú ọ̀gá kan tó wọ sòkòtò funfun. Mi ò ní sọ ibi tó ti wá. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìlú wa ò mọ irin tọ́jú, pé òun máa gbé gúrúpù lọ sí ìlú mìíràn níbi tí wọ́n á ti tún un ṣe, tí wọ́n á sì mọyì rẹ̀. Àwọn bàbá wa pàdé rẹ̀. Wọ́n kí i, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí àwọn lọ ro ó. Ìyá mi ò rò ó. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló lọ láti àdúgbò dé àdúgbò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ ti pé síwájú ilé gúrúpù, oníkálukú pẹ̀lú bàsíà òfìfo. Wọ́n da bàsíà dojú dé síwájú kàmíọ̀, wọ́n sì jókòó lé e.

Ọ̀gá dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Faransé. Ìyá mi ní, "Ẹ dúró ná. Mo wà lọ́jà lánàá nígbà tí ẹ ń ná ọsàn. Èdè tí ẹ fi ná ọsàn, òun ni kí ẹ fi bá wa sọ̀rọ̀."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, ọkùnrin náà gbọ́ èdè wa bí omi, ó kàn fẹ́ fi Faransé dẹ́rù bà wá ni. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́?"

"Gúrúpù lẹ fẹ́ gbé. Ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá omi wa padà."

"Omi wo?"

"Omi tó ti mu láti ọjọ́ tó ti dé. Orí wa la fi rù ú. Bàsíà wa nìyí, ẹ bù ú sí i."

"Màmá, omi yẹn ti di èéfín."

"Ẹ lọ kó èéfín náà jọ. A ó dúró."

Ó bínú. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè omi, ẹ ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ba irin yín jẹ́!" Ó nawọ́ sí Baba Ẹlẹ́rọ tó dúró lẹ́bàá ògiri, ó ní ọkùnrin yìí ni, òun á sì rí i pé ó tọ́ ẹ̀wọ̀n wò. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wo Baba Ẹlẹ́rọ, mo wo ìyá mi, mo wo ìyàwó ilé wa tó fọwọ́ ti ikùn lórí bàsíà tirẹ̀. Mo dìde láàárín wọn. Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo da omi lé e lórí. Ó gbóná, mo fẹ́ kó tutù."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí mi, ó ní, "Ẹ rí i? Ọmọdé! Ọmọdé lẹ ń jẹ́ kó wẹ̀ fún irin!"

Ìyá mi ò wo ojú mi rárá. Mo ti ń retí ìgbátí. Ọ̀gá yẹn ló wò, ó sì sọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní gbàgbé láé. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ bá wa rídìí ẹ̀. Ọmọ wa ló bà á jẹ́. Bí ọmọ bá fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀, ṣé aládùúgbò ló ń wá gbé ìkòkò náà lọ?" Ó bá fà mí jókòó sórí bàsíà tirẹ̀. A jọ jókòó lé e.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà níbẹ̀. Àwọn kan á lọ wo ọmọ, àwọn mìíràn á rọ́pò wọn. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta náà, kò sí obìnrin tó ta oúnjẹ fún ọ̀gá yẹn, àti jùlọ, kò sẹ́ni tó fún un lómi. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó jẹ́ nílẹ̀ wa kí àlejò béèrè omi kí wọ́n má fún un. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn àpáta ń yan èèyàn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà kan, ó tọrọ omi mímu. Ìyá àgbà náà ní, "Omi? Gbogbo omi ìlú yìí wà nínú gúrúpù. Ẹ lọ bù ú níbẹ̀." Ọjọ́ kẹta, awakọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yí kàmíọ̀ padà. Ọ̀gá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Tó bá bojú wẹ̀yìn, mi ò rí i.

Nígbà tó lọ tán ni ìyá mi tó gbá mi létí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó dùn mí.

Baba Ẹlẹ́rọ pe àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Wọ́n tú irin náà, wọ́n yọ́ bàbà sójú ibi tó sán, wọ́n wá rọ irin pẹlẹbẹ kan, wọ́n fi gbà á lámùrè bí ẹni fi ọ̀já gba aboyún. Ẹnikẹ́ni ò rò pé yóò ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó bá dìde. Èmi sunkún. Alẹ́ yẹn gan-an, a dùbúlẹ̀, à ń retí kí gúrúpù dákẹ́, kò dákẹ́. Ìyá mi dìde jókòó lórí ẹní. Ẹní ìyàwó ilé wa ti ṣófo, wọ́n ti mú un lọ. "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o," ìyá mi wí. Ilé kejì ní, "Àmín o." Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó. Mo ṣáà mọ̀ pé mo di aṣọ ìyá mi mú, mo sì ń bẹ irin kan tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́ pé kó má dákẹ́ ṣáájú àkókò. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ìyá mi ní, "Ó ti dé," ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí ẹkún ìyá mi nìyẹn.

Ó dá mi lẹ́jọ́ o. Ó ní kí n máa pọnmi fún gúrúpù títí n ó fi lọ ilé ọkọ. Mo pọn ọ́n. Nígbà tí mo sì wá ń rọbí bàbá yín, abẹ́ gílóòbù yẹn ni mo dùbúlẹ̀ sí, mò ń gbọ́ gúrúpù lókèèrè, mo sì ń bú u pé kó ṣiṣẹ́, pé mo ti fún un lómi tó.

Ayé wá yí. Wáyà ńlá dé láti ọ̀nà jíjìn, gúrúpù fẹ̀yìn tì, Baba Ẹlẹ́rọ padà sí Àjàṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mi ò ní bú wáyà. Iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń jẹ́ kí ẹ rí omi tútù mu, kì í béèrè pé kẹ́nikẹ́ni ru bàsíà. Ṣùgbọ́n tó bá lọ, mo máa ń wò yín. Ẹ ó pòṣé, ẹ ó ní, "Wọ́n ti mú un lọ," ẹ ó sì jókòó sínú òkùnkùn bí ẹyẹlé. Ta ni "wọ́n"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ yín. Nígbà tiwa, tí iná bá lọ, a mọ ilé ẹni tí a ó lọ bú, a sì mọ ohun tí a ó rù lórí lọ bá a. Ìyẹn ló yàtọ̀, ìyẹn náà ló ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ti rìn yí ilé gúrúpù ká, ó ti wọn irin náà lójú. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa kan ti ní kí òun wá gbé e, pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, pé wọ́n ní kí òun kàn wá kí màmá tó ń gbé ìtòsí. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ máà bínú, Màmá, irin ṣá ni." Oòrùn mú, òógùn bò ó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá omi mu."

Mo na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpáta. Mo ní, "Omi wà nínú gúrúpù. Lọ bù ú."

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́jọ́ Ajé ni kàmíọ̀ òun ń bọ̀. Kó máa bọ̀. Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè dé ìsun mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé gúrúpù ò jìnnà sí mi. Bàsíà ìyá mi nìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí tí etí rẹ̀ ti jẹ. Lọ́jọ́ Ajé, kí ẹnì kan nínú yín bá mi gbé e dé ibẹ̀, kó dà á dojú dé. Èmi ni n ó jókòó lé e.